Ọ̀wọ́n Ẹ̀tù: Bí Àwọn Jagunjagun àti Àwọn Ọdẹ Yorùbá Ṣe Kojú Ìnáwó Ìbọn

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ní ilẹ̀ Yorùbá, agbára rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: ìlú tó kọ́kọ́ ní in, ogun tó fi ṣẹ́, àti akọni tó tipasẹ̀ rẹ̀ gba oyè. Ohun tí wọn kì í sábà yà sọ́tọ̀ wò ni ohun tí ìbọn ń jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn ń ra ìbọn; bí ó bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Ẹ̀tù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dún, ó ti tán, ẹni tó yìn ín sì ní láti padà sọ́jà. Nítorí náà, ẹni tó ń ta ẹ̀tù ní agbára lórí ẹni tó ni ìbọn, ọ̀nà tí ẹ̀tù ń gbà kọjá sì lè di ohun tí ìlú méjì yóò torí rẹ̀ jagun.

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn jagunjagun àti àwọn ọdẹ Yorùbá ṣe kojú ọ̀wọ́n ẹ̀tù àti ọta, láti àkókò ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ìgbà tí iye náírà já wálẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà. Wọ́n wá ojú ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀tù lè gbà wọlé. Wọ́n fi iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ dí àlàfo ohun tí wọn kò lè rà. Wọ́n sì dín iye ìgbà tí ìbọn ń dún kù. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀nà kẹta ni ó fìdí múlẹ̀ jù nínú àṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ìtàn dárúkọ rẹ̀ kéré jù. Òun sì ni kò di gbèsè rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí.

Orúkọ àti ohun tí a fi í pè

Ọdẹ ti wà kí ìbọn tó dé. Ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, kùmọ̀, ẹ̀bìtì, tàkúté àti ajá ni irinṣẹ́ àwọn ọdẹ àtijọ́. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò ni ó ń rọ orí ọfà. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe igi rẹ̀. Bí ọfà kò bá ba ẹran, ọdẹ lè wá a kiri nínú koríko, kí ó sì dá a padà sínú apó. Ìbọn ni ó sọ ìtafò di àdánù pátápátá.

Àwọn orúkọ tí Yorùbá fún oúnjẹ ìbọn yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọta, ni à ń pe òkúta róbótó tí omi odò ti fọ̀ dán àti ohun tí ń jáde lẹ́nu ìbọn. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀tù, ni à ń pe oògùn tí onísègùn jó nínú ìkòkò títí ó fi dúdú, tí ó sì lọ̀ kúnná, àti ìyẹ̀fun dúdú tí ń gbaná nínú ìbọn. Ohun tí a lè rí láìná owó rẹpẹtẹ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń rán ni létí: òkúta láti inú odò, èédú láti inú ààrò. Nígbà tí ìbọn gbòde, orúkọ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ti di ọjà òkèèrè tí a ń fi owó ẹyọ rà.

Irú ìbọn tó wọ́pọ̀ jù ni ṣakabùlà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ lórúkọ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Denmark. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ṣe ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ki í: wọn a da ẹ̀tù sí i, wọn a fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, wọn a sì fi ọta tẹ̀ lé e. Òkúta ìṣáná tó wà lára apátí ni yóò ta iná sí ẹ̀tù. Ó ń gba àkókò, òjò sì ń bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí yóò di pàtàkì níwájú: ohun tí a ń kì sí i kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Bí òjé bá wọ́n, irin wẹ́wẹ́ láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ẹ̀tù

Nínú ogun Òwu, ní àwọn ọdún 1820, ìbọn ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú wà lára ohun tó ṣẹ́ Òwu, tí àwọn jagunjagun rẹ̀ gbójú lé idà àti àdá. Kì í ṣe pé àwọn Ìjẹ̀bú gbójú ju àwọn Òwu lọ. Wọ́n sún mọ́ etí òkun ni. Láti ìgbà náà ni ipò ìlú sí etí omi ti di ọ̀rọ̀ ogun. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Ìbàdàn, Ìjàyè àti Abẹ́òkúta sì dìde, Ìbàdàn ni agbára rẹ̀ wá pọ̀ jù lójú ogun, ṣùgbọ́n òun náà ni kò ní ọ̀nà tirẹ̀ dé òkun. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ẹ̀tù rẹ̀ ní láti gbà kọjá.

Ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tí Ìjàyè sì fọ́ ní 1862, fi èyí hàn gbangba. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmí ti Ìjàyè, ọ̀nà sì dí mọ́ Ìbàdàn. David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna, àwọn ajíhìnrere tó wà ní Ìbàdàn, há sínú ìlú náà fún ọdún díẹ̀ láìrí ọjà etí òkun rà bó ṣe yẹ. Bí ọ̀wọ́n bá lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbé ìbọn, ó rọrùn láti mọ bí ó ṣe rí fún àwọn tó ń gbé e. Ní 1861, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Captain Jones, lọ wo àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá lójú ìjà náà. Ohun tó hàn nínú ìròyìn rẹ̀ ni pé ariwo ìbọn pọ̀ ju iye àwọn tó ń kú lọ. Ẹ̀tù tó ń jóná lójoojúmọ́ láìṣẹ́gun jẹ́ owó tó ń lọ láìpadà.

Ìbàdàn wá ojú ọ̀nà mìíràn. Ní àkókò Glover, gómìnà Èkó, wọ́n gbìyànjú láti la ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba ilẹ̀ Oǹdó, kí oníṣòwò lè yẹra fún Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà rán àwọn ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto Novo, kí wọ́n lọ ra ohun ìjà. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, Látòósà sì gbé ogun lọ bá Ẹ̀gbá. Láti ibẹ̀ ni ìjà ti ràn, tí Ìbàdàn fi dojú kọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun tí a mọ̀ sí Ogun Ọdún Mẹ́rìndínlógún. Ọ̀pọ̀ ni ìdí ogun náà, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì sì ṣe pàtàkì nínú wọn. Síbẹ̀, ìrìn àjò àwọn tó lọ ra ẹ̀tù ni ó ṣáná sí i.

Gbèsè ẹ̀tù

Ní Ìbàdàn, kò sí àpò ìlú kan tí wọ́n fi ń ra ohun ìjà fún gbogbo ọmọ ogun. Olóyè kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn òun pọ̀ ní láti ná owó kí ìkógun tó dé, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olóyè ṣe máa ń wà nínú gbèsè. Ibí yìí ni ipa àwọn obìnrin oníṣòwò ti hàn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olóyè ogun. Ní 1874, Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á ní ọdún náà. Lára ẹ̀sùn tí Samuel Johnson sọ pé wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí Ààrẹ nígbà tó wà lójú ogun. Eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, tó jáde ní 1970, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìkà tí wọ́n ní ó ń ṣe sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀ràn náà láti ọ̀nà ìṣòwò yóò tún rí olówó kan tí àwọn onígbèsè rẹ̀ ní idà lọ́wọ́.

Ní Abẹ́òkúta, ibi tí ọ̀rọ̀ Tinúubú já sí yàtọ̀. Òun náà ta ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì gbógun tì wọ́n, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì ṣe. Ọ̀kan gba oyè nípasẹ̀ rẹ̀. Èkejì pàdánù oyè àti ẹ̀mí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe olóyè tàbí Ìyálóde ni ó san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Epo pupa ni ọjà tó ń mú owó wá láti etí òkun lẹ́yìn tí òwò ẹrú ojú òkun ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lójú ogun ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko àwọn olóyè, tí wọ́n ń ru ẹrù wọn lọ sọ́jà. Wọ́n ń tà nínú wọn pẹ̀lú nígbà tí owó bá wọ́n olóyè lọ́wọ́. Ẹ̀tù ni wọ́n fi mú ènìyàn. Iṣẹ́ ènìyàn ni wọ́n fi tún ẹ̀tù rà. Òwe Yorùbá tó sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́, kì í ṣe àfiwé lásán fún àwọn tó gbé ayé ní àkókò yìí.

Kírìjì àti ọta tí alágbẹ̀dẹ kò lè rọ

Ogun Kírìjì gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè Ìgbájọ àti Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, bíi Snider. Ìbọn yìí ń yára dún, ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà. Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé fi ṣakabùlà àwọn Ìbàdàn hàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ayé ti kọjá rẹ̀.

Ìbọn tuntun yìí tún mú ìṣòro mìíràn wá. Kátíríìjì rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe: ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná wà pọ̀ nínú àpò kan tó gbọ́dọ̀ bá ihò ìbọn mu rẹ́gí. Alágbẹ̀dẹ Ìbàdàn tàbí ti Iléṣà lè rọ irin wẹ́wẹ́ fún ṣakabùlà, ṣùgbọ́n kò lè rọ kátíríìjì. Nígbà tí Ìbàdàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ìbọn yìí, ohun tí wọ́n ń rà kì í ṣe agbára nìkan, ìgbẹ́kẹ̀lé lórí Èkó ni pẹ̀lú. Bí ìbọn bá ṣe dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni okùn tó so olówó rẹ̀ mọ́ oníṣòwò etí òkun ṣe ń le sí i.

Àwọn tó ń dí ọ̀nà pàápàá kò jèrè títí. Àwọn Ìjẹ̀bú tó fẹ́ ta ọjà kò fẹ́ kí ọ̀nà máa wà ní dídì. Ní 1883, Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ sá kúrò nílé lọ sí Ẹ̀pẹ́, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sú fún ogun àti dídí tí ọ̀nà dí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893.

Òfin àti ìwé àṣẹ

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Brussels ní 1890 láti fi dẹ́kun òwò ẹrú ní Áfíríkà ní ìpín kan tó dá lórí ohun ìjà. Ó fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà fún títà fún àwọn ọmọ ilẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ padà sí ìbọn tí Kírìjì ti sọ di ohun àtijọ́. Òfin Ìbọn ti 1959 ṣì ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀: ṣakabùlà wà ní ìpín tirẹ̀, ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà ní ìpín mìíràn, ìwé àṣẹ sì pọn dandan fún méjèèjì.

Àbájáde rẹ̀ ni pé alágbẹ̀dẹ di ẹni tí ọdẹ kò lè ṣe aláìní. Ògún ni àwọn méjèèjì ń bọ, àjọṣe náà sì ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, alágbẹ̀dẹ ni ó ń tún apátí ṣe, òun ni ó ń pààrọ̀ ojú ìbọn, òun ni ó sì ń rọ ohun tí a ó fi ṣe ọta. Ọgbọ́n yìí ní ewu tirẹ̀. Ojú ìbọn tí a fi páìpù lásán ṣe lè bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó sì ti pàdánù ìka tàbí ojú bẹ́ẹ̀. Owó tí ènìyàn rò pé òun fi pa mọ́ a di owó ìtọ́jú.

Ọgbọ́n ọdẹ

Ọ̀nà kẹta ni ti ọdẹ gan-an: kí ìbọn má dún àfi bí ó bá yẹ. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú ìṣe iṣẹ́ ọdẹ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí yínyìn. Yóò kọ́kọ́ ru àpò, yóò mọ ipasẹ̀ ẹran, yóò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Ọdẹ a gẹ̀gùn lórí igi tí èso rẹ̀ ń já bọ́, tàbí ní ẹ̀bá ibi tí ẹran ti ń mu omi, a sì dúró títí ẹran yóò fi sún mọ́ ibi tí ìbọn kan yóò fi tó. Sùúrù wákàtí mẹ́ta kò náni lówó. Ẹ̀tù tí ó ta ófo ń náni.

Ẹ̀tù ní ibùgbé tirẹ̀ pẹ̀lú. Inú àdó tí a dí lẹ́nu ni ó ń gbé, jìnnà sí iná àti sí ìrì. Ní ìgbà òjò, ẹ̀tù tó bá fà omi jẹ́ owó tó rì. Fún ẹran kékeré, ọdẹ a lo ajá, ẹ̀bìtì tàbí tàkúté, a sì fi ìbọn sílẹ̀ de ẹran tí ẹran ara rẹ̀ yóò kájú ohun tí a ná. Òwe ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìnáwó ẹ̀tù wà lára ìṣẹ́ tí òwe náà ń tọ́ka sí, ó sì jẹ́ kí pípín ẹran níyì sí i.

Ọgbọ́n yìí di ọ̀rọ̀ iyì. Láàárín àwọn ọdẹ, ẹni tó ń yìn ìbọn kiri kì í ṣe akọni. Níbi tí wọ́n bá ti ń sun ìjálá, yẹ̀yẹ́ àti àwàdà wà fún ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ ń dún tí ìkòkò rẹ̀ kò hó. Bí ọ̀wọ́n ṣe sọ ìtafò di àdánù, bẹ́ẹ̀ ni àṣà sọ ọ́ di ìtìjú.

Ìbọn ẹ̀yẹ

Ibi kan wà tí ìṣọ́ra yìí ti ń dẹwọ́. Níbi ọdún Ògún, bí irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Oǹdó àti ní Ìrè-Èkìtì, àti níbi ìṣípà ọdẹ tó ti di olóògbé, ìbọn gbọ́dọ̀ dún. Àwọn ọdẹ a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sì yìn láti fi bọ̀wọ̀ fún ẹlẹgbẹ́ wọn tó lọ. Ìbọn eré àti ti ẹ̀yẹ ni èyí. Kò sí ẹran tí yóò san owó rẹ̀ padà.

Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọgbọ́n ìṣọ́nà wà. Ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń kì sí irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Èyí ń dáàbò bo àwọn èrò, ó sì ń fi ọta pa mọ́ fún oko. Ìró ni àwọn ènìyàn wá gbọ́, ìró ni wọ́n sì fún wọn. Kátíríìjì kò gba irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní òun nìkan ní láti ná gbogbo rẹ̀ kí ariwo tó jáde, ọta rẹ̀ yóò sì balẹ̀ síbì kan. Nítorí náà ni ṣakabùlà fi ṣì jẹ́ ìbọn ayẹyẹ, kódà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìbọn tó dára jù ú lọ nílé.

Ìgbà náírà

Ní 1985, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP, kalẹ̀ ní 1986, ó lé ní náírà mẹ́ta kí ọdún náà tó parí. Ní 1999, ó ti súnmọ́ náírà 100. Ní 2024, lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó lé ní náírà 1,400. Ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá ni èyí ń kàn, kátíríìjì sì wà lára wọn. Ọ̀nà tó dí mọ́ ọdẹ ní àkókò yìí kò sí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú mọ́. Iye owó ló dí i.

Ìdáhùn àwọn ọdẹ kò jìnnà sí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn kan padà sí ṣakabùlà. Àwọn kan kì í yin kátíríìjì sí ẹran kékeré mọ́, wọ́n ń dẹ tàkúté onírin fún un. Èyí ní àbùkù tirẹ̀, nítorí tàkúté kì í yan ẹran: ó ń mú abo tó lóyún, ó ń mú ọmọ ẹran, ó sì lè mú èyí tí òfin dáàbò bò. Sùúrù tó wà lára ìbọn àtijọ́ wà lára ọdẹ fúnra rẹ̀. Kò sí lára wáyà. Níbi ìṣípà pẹ̀lú, níbi tí owó kò bá tó, ìbọn tó ń dún máa ń dín kù. Ìrèmọ̀jé ni ó ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ẹ̀yẹ náà. Ohùn kì í wọ́n bí ẹ̀tù, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ogun Òwu títí di òní, ohun kan náà ni ọ̀wọ́n ẹ̀tù ń bi àwọn tó ń lo ìbọn: ta ni yóò san án? Ìbàdàn wá ọ̀nà mìíràn ní 1877, ogun ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn olóyè ra àwìn, àwọn ẹrú ni ó ṣiṣẹ́ san án. Alágbẹ̀dẹ rọ ohun tí a kò lè rà, ìka ọdẹ ni ó sì máa ń gbà á nígbà mìíràn. Ọdẹ tó dúró lórí ẹ̀gùn títí ẹran fi sún mọ́ ọn fi sùúrù tirẹ̀ san án.

Èyí kò sọ pé ọ̀wọ́n dára. Ó fi hàn pé àṣà kan lè sọ àìní di ẹ̀kọ́, bí àwọn tó mọ ẹ̀kọ́ náà bá ṣì wà láti kọ́ ọmọ. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti kó ìjálá àti ìrèmọ̀jé jọ, wọ́n sì ti yẹ ewì inú wọn wò. Ohun tó kù ni kí wọ́n tún gbà á lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀tù, bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́, àti ìgbà tí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ láìyìn ín. Ìtàn tó wà nínú ìbọn tí kò dún kò ní ariwo tí yóò pe òpìtàn. Àwọn tó lè sọ ọ́ sì ń lọ.